Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ "Àwá Dé": Àgbéyẹ̀wò Àárò Gémù Àtijọ́ ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Láti Mile 2 títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ní ojú ọ̀nà gbọọrọ tí ó gba Òjó àti Agbára kọjá kí ó tó wọ Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni ó wà lónìí tí wọ́n ti di baba àti ìyá ọmọ, tí wọ́n ń san owó ilé-ìwé, tí irun funfun sì ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bátí wọn, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò tíì kúrò lára àpótí oníke kékeré kan tí a máa ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n nígbà èwe wọn. Àárò rẹ̀ a máa sọ wọ́n. Bí owó díẹ̀ bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọn a wá a lọ sí ọjà Alaba, wọn a bẹ èrò Kútọnu pé kí ó bá wọn fojú sílẹ̀, wọn a ránṣẹ́ sí àbúrò tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù; nígbà tí ẹ̀rọ náà bá sì dé, tí wọ́n so ó, tí àwòrán hàn, tí orin ìbẹ̀rẹ̀ sì dún, omi a fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wọn fún ayọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn a ti ká wáyà rẹ̀, wọn a ti gbé e sórí àpótí aṣọ, ibẹ̀ ni eruku yóò sì bá a. "Ṣé ohun tí à ń torí rẹ̀ jẹ ẹgba nìyí?" ni ìbéèrè tí ó máa ń jáde lẹ́nu wọn.

Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn tí ó jinlẹ̀ ju èyí tí a sábà ń fún un lọ. Àwọn kan a ní àgbà ni ó dé, pé ohun ọmọdé kò lè tẹ́ àgbàlagbà lọ́rùn. Àwọn mìíràn a ní ẹ̀rọ ayé òde òní ni ó ti ba ojú wa jẹ́, pé ẹni tí ó ti rí tuntun kò lè padà sí ògbólógbòó. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: ìjákulẹ̀ yìí ní orísun púpọ̀, àwọn kan wà nínú ẹ̀rọ, àwọn kan wà nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan wà nínú eré fúnra rẹ̀, èyí tí ó sì wúwo jù lọ nínú gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí èmi ti rí i, kò sí nínú àpótí náà rárá, kò sì sí níbẹ̀ rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ Famicom jáde, èyí tí Masayuki Uemura ṣe olórí àwọn onímọ̀ tí ó ṣe é. Ọdún 1985 ni ó dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ní ọdún yìí kan náà ni eré Mario tí Shigeru Miyamoto dá sílẹ̀, tí Koji Kondo sì ṣe orin rẹ̀, jáde fún aráyé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rọ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ etí òkun wa fọwọ́ kàn. Ọdún 1986 ni ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀, tí iye náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tí ohun òkèèrè tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ohun tí ó wá tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1990 ni ayédèrú tí wọ́n ṣe ní Taiwan, ní Hong Kong àti ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí inú rẹ̀ jẹ́ Famicom ṣùgbọ́n tí kò sí orúkọ Nintendo lára rẹ̀. Gbajúmọ̀ wọn ni Terminator, tí wọ́n fi ẹ̀wù Mega Drive ti Sega bò lára kí ó lè dà bí ẹ̀rọ olówó ńlá. Ó ń bá kásẹ́ẹ̀tì kan wá tí wọ́n kọ "9999 in 1" sí lára, àwa ọmọdé a sì máa fi ìka yí àkọsílẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀, a ó rí i pé lẹ́yìn eré mélòó kan, àwọn eré kan náà ni ó tún ń padà bọ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àárín dípò ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ìjákulẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, a sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni tókúnbọ̀ dé. Mega Drive tí Sega ṣe ní ọdún 1988 àti PlayStation tí Ken Kutaragi fi sọ Sony di onígémù ní oṣù Kejìlá ọdún 1994 ti àwọn ilé ọmọ òyìnbó bọ́ sínú kọ̀nténà, wọ́n gba Àpápá tàbí Kútọnu wọlé, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí pẹpẹ ní Alaba. PlayStation 2 tí ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2000 ni ó wá jọba lórí gbogbo wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù 155 tí wọ́n tà káàkiri ayé, àwọn tí ó ṣe é kò sì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, ìyẹn ni pé ó wà lórí àtẹ pẹ̀lú àrọ́pò rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní ìlú tí owó ti ṣọ̀wọ́n, irú ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ilé ẹni kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ gémù. Ṣọ́ọ̀bù gémù ni. Yàrá kan ṣoṣo tí ó kọjú sí títì, bẹ́ǹṣì méjì, tẹlifíṣọ̀n lórí tábìlì tí wọ́n kan mọ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé tí ń ké, olówó ṣọ́ọ̀bù ní ẹnu ọ̀nà tí ń fi ojú kan wo owó, tí ó sì ń fi ojú kejì wo ẹni tí ó fẹ́ ki pádì mọ́lẹ̀ jù. Ẹni méjì ni ó jókòó sí eré, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́wàá ni ó ń ta á. Ọmọ Ègùn ń fi Ègùn bú ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò tí baba rẹ̀ ń ta ẹ̀rọ ní Alaba ń fi Yorùbá dáhùn fún un, aláwàdà kan ní ẹ̀yìn ń ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ó ń sọ orúkọ àwọn àdúgbò wa mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò gbọ́ orúkọ Àgbádárìgì rí. Ẹni tí ó bá borí dúró, ẹni tí wọ́n bá borí a gbé pádì sílẹ̀ fún ẹni tí ó kàn, ìlà náà a sì máa lọ. Bí NEPA bá mú iná ní àárín ìdíje, ẹkún ni, bí ó bá dá a padà, igbe "Up NEPA!" a mi àdúgbò tìtì. Nílé, àwọn òbí wa gbà pé gémù a máa ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́, wọ́n sì fi pàṣán tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí àwòrán tí ó bá dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀ a máa fi àpá sí ojú tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn orísun ìjákulẹ̀ náà wò. Àgbádárìgì wà létí omi méjì: ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, ilẹ̀ Gbẹ̀rẹ̀fú wà ní òdìkejì, lẹ́yìn Gbẹ̀rẹ̀fú ni òkun, alagbalúgbú omi tí ń hó tọ̀sán-tòru. Iyọ̀ ni atẹ́gùn tí ń ti orí rẹ̀ wá gbé lọ́wọ́, gbogbo ẹni tí ó bá kọ́lé sí ẹ̀bá rẹ̀ ni ó sì mọ bí páànù, ìṣó àti irin fèrèsé ti ń dípẹtà kí ọjọ́ wọn tó pé. Ohun tí ó ń ṣe páànù ni ó ń ṣe eyín bàbà wẹẹrẹ tí ó wà lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa ni a rántí ìwòsàn ìgbà náà: a ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, a ó fẹ́ ẹnu sí i, a ó tì í padà, àwòrán yóò sì hàn. Ṣùgbọ́n èémí wa kọ́ ni ó wo ó sàn. Yíyọ àti títì padà ni ó mú kí eyín náà tún kan ara wọn, ọ̀rinrin ẹnu wa sì ń dá kún ìpẹtà tí iyọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀. Nintendo pàápàá kìlọ̀ pé kí a má fẹ́ ẹnu sí i, ṣùgbọ́n ìwé ìkìlọ̀ kì í bá ayédèrú wá. Ti PlayStation àkọ́kọ́ kò yàtọ̀: ike tí ó gbé ojú tí ń ka síídì ró a máa jẹ nítorí ooru, ìdí nìyí tí a fi ń dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ra irú rẹ̀ lónìí, arúgbó tí ó ti rẹ̀ ni ó rà.

Èyí ṣì ṣeé tún ṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ rere lè nu bàbà, ó lè pààrọ̀ ojú síídì. Èyí tí ó le ju èyí lọ, tí àwọn tí inú wọn bàjẹ́ kì í sì í fura sí, ni tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tí ó ya àwòrán eré wọ̀nyí yà wọ́n fún tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣàn mọ́ ara wọn díẹ̀, tí ìlà rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi àbùkù náà ṣe irinṣẹ́. Ẹni tí ó bá wo omi tí ń dà láti orí àpáta nínú eré Sonic ti ọdún 1991 lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní, ìlà-ìlà ni yóò rí, ìlà kan aláwọ̀ búlúù, ìlà kan òfìfo, kò sì ní í mọ̀ pé lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àwọn ìlà wọ̀nyí a máa wọ inú ara wọn títí wọn yóò fi di omi tí a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ba àwòrán náà jẹ́. Ojú tí a fi ń fi í hàn ni ó yí padà.

Ìbọn gémù ni ẹ̀rí tí ó dájú jù lọ. Ìbọn oníke tí ó bá Terminator wá, tí a fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ, kì í yọ ohunkóhun jáde lẹ́nu. Ojú ni ó ní lẹ́nu, ojú tí ń wo ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fa á, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n a dúdú fún ìdá kékeré kan nínú ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà ni àpótí funfun kan a yọ ní ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà. Bí ojú ẹnu ìbọn bá rí dúdú, tí ó sì rí funfun tẹ̀ lé e ní àkókò náà gan-an, a jẹ́ pé ó bà á. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ń fi àwòrán hàn bí ó ti ń wọlé. Ti òde òní a kọ́kọ́ gbà á, a tò ó, a tún un ṣe, kí ó tó fi í hàn, nígbà tí funfun bá sì fi máa yọ, ìbọn ti wò ó, kò rí nǹkan kan, ó ti gbójú kúrò. Ọmọ Àgbádárìgì tí ó jẹ́ ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ní ọdún 1996 lè dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n tuntun láti àárọ̀ di alẹ́, ẹyọ kan kò ní í bọ́ sílẹ̀ fún un. Ìdádúró kan náà ni ó ń jẹ́ kí Mario fò pẹ́, kí ó sì já sínú kòtò, tí ẹni tí ó mú pádì yóò fi máa rò pé ọwọ́ òun ni ó ti kú.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn kan ti wọlé tí ó ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Ilẹ̀ Nàìjíríà gba ètò tẹlifíṣọ̀n PAL tí àwọn ará Jámánì ṣe, èyí tí ń fi àwòrán hàn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Japan àti Amẹ́ríkà ń lo ti ìgbà 60. Ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ṣe ní Japan, nígbà tí wọ́n kó o wá fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ń lo ti ìgbà 50, wọn kò tún un ṣe, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́fà ni ó fi ń lọ́ra ju bí ẹni tí ó ṣe é ti fẹ́ lọ, orin rẹ̀ pẹ̀lú sì ń falẹ̀. Ẹ̀rọ Sega tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Òjó gẹ́gẹ́ bí tókúnbọ̀, Sonic tí ń rọra sáré ni ó wà nínú rẹ̀. Lónìí, ẹni náà tí ó gbọ́ orin yìí ní èwe rẹ̀ a gba ètò kọ̀ǹpútà tí ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ, eré náà a yára, orin rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sá lọ, a sì ṣe é bíi pé wọ́n ti yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí. Ìsinsìnyí ni ó ń rí eré náà bí ó ti yẹ kí ó rí, ti èwe rẹ̀ ni ó jẹ́ àbùkù. Síbẹ̀ àbùkù náà ni ó mọ̀, àbùkù náà ni ó fẹ́ràn, kò sì sí òtítọ́ tí ó lè pa àárò náà. Nígbà tí Sony fúnra rẹ̀ ṣe PlayStation Classic ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, tí ó kó eré 20 sínú rẹ̀, 9 nínú wọn ni ó fi sí ipò ìgbà 50 tí ó lọ́ra, ó sì tà á fún àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò mọ irú ìlọ́ra bẹ́ẹ̀ rí. Ariwo sọ, iye owó rẹ̀ já wálẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà bínú nítorí pé ó lọ́ra. Ọmọ Èkó ìbá ti rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ti eré fúnra rẹ̀ kò ní í gba àkókò wa púpọ̀. Kékeré ni wọ́n. Gbogbo ayé Mario ti ọdún 1985, òkè rẹ̀, ọ̀run rẹ̀, odò rẹ̀, orin rẹ̀, kò ju kilobyte 40 lọ. Fọ́tò kan tí a fi fóònù yà lónìí, tí ó bá jẹ́ megabyte 2 péré, ó jù ú lọ ní ìlọ́po 50. Ohun tí ń rìn kò gbọdọ̀ ju 8 lọ lórí ìlà kan lójú Famicom, bí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀, wọn a máa ṣẹ́jú pàkàpàkà, tí apá kan a pòórá. Nítorí pé eré náà kúrú ni wọ́n ṣe mú kí ó le: ẹni tí ó bá mọ eré Contra dáadáa lè parí rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí mẹ́ta péré ni wọ́n fún ọ, ìbọn kan ni ó sì ń pa ọ. Bí kì í bá ṣe ti àṣírí títẹ bọ́tìnnì tí Kazuhisa Hashimoto ti ilé-iṣẹ́ Konami kọ́kọ́ fi sínú eré Gradius ní ọdún 1986, tí ó sì ń sọ ẹ̀mí mẹ́ta di 30 nínú Contra, mélòó nínú wa ni ìbá rí ìparí rẹ̀? Àṣírí yìí kò bá kásẹ́ẹ̀tì wá. Ẹnu ni ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, láti Òjó dé Àjárá, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì ní iyì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé tí ó jókòó ti eré yìí ní òun nìkan, ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà wa, kí ni ó ń bẹ níbẹ̀ fún un? Kò sí ẹni tí yóò fi àṣírí hàn. Kò sí ẹni tí ń dúró de pádì. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, Tim Wildschut àti Constantine Sedikides, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àyẹ̀wò àwọn ìtàn tí àwọn ènìyàn fi ẹnu ara wọn sọ nípa àárò ìgbà tí ó ti kọjá, wọ́n sì rí i pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ẹni tí ń sọ ìtàn náà wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ọ̀rẹ́, ẹbí, olólùfẹ́; ohun èlò lásán kò tó nǹkan nínú wọn. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n rí i, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé". Ohun tí ó ń sọ wá ní àárò ni "àwa" náà. A wá ra àpótí, a retí pé kí ó kó gbogbo yàrá náà wá pẹ̀lú bẹ́ǹṣì rẹ̀. Nígbà tí ó sì gbé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká wá, a ní ó já wa kulẹ̀.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan: kò sí ohun tí ó kéré tó o. Kò ní àwòrán, kò ní orin, kò sì sí ẹni tí ó fi ọ̀tun ṣe é láti ayébáyé, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì rí àgbàlagbà tí ó jókòó ti ọpọ́n lábẹ́ igi, tí ó ta ayò fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì ní ìgbà èwe òun ni ó dùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀ lójú ara rẹ̀ nìkan kí ó máa retí adùn. Ọ̀ta gbọdọ̀ rí òpè tí yóò fi ṣe ẹlẹ́yà, àwọn òǹwòran gbọdọ̀ wà tí yóò máa dá sí ohun tí kò kàn wọ́n. Ibi tí a ti ṣìnà nípa gémù àtijọ́ ni pé a kà á sí ohun tí ènìyàn ń ní, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ènìyàn ń pé jọ ṣe ni.

Bí mo bá fi ojú yìí wò ó, mo lè ya àwọn eré náà sọ́tọ̀ láìṣiyèméjì. Àwọn tí ènìyàn kan ń dá ṣe, tí ìtàn wọn ti parí sí wa lórí, ìyẹn ni ó ń jáni kulẹ̀ jù, Mario pẹ̀lú sì wà nínú wọn, bí ó tilẹ̀ dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Tetris tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní ọdún 1984, tí ó dé ọ̀dọ̀ wa nínú Brick Game oníbátìrì, kò gbó, nítorí pé kò ní ìtàn tí yóò parí. Ó ṣì ń pa wákàtí nínú ọkọ̀ tí ó há sí Ìyànà-Ìbà. Contra dára bí ẹni méjì bá wà, ó burú bí ẹni kan bá ni. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀gá gbogbo wọn. Mo gbà tọkàntọkàn pé Pro Evolution Soccer 6, tí Konami ṣe ní ọdún 2006, kò tíì kú: Adriano ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù tí ń fa àwọ̀n ya, Ronaldinho àti Henry ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, Chelsea sì ṣì ń jẹ́ "London FC" nítorí pé Konami kò rí ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ rẹ̀. Èyí tí a rò pé yóò kọ́kọ́ gbó, ìyẹn orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ni ó wá di ìwé ìtàn tí ẹni méjì lè jókòó sí kí wọ́n máa kà fún ara wọn.

Ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí wọ́n kọ iye eré 400 sí lára, tí wọ́n ń gbé kiri láàárín ọkọ̀, n kò gbà á níyànjú fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ "9999 in 1" ni, ìwà baba rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ eré àtijọ́ wò ní tòótọ́, kí ó kọ́kọ́ wá tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá kí ó tó wá ẹ̀rọ, níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì ṣeé rí lọ́wọ́ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe àti àwọn oníjàǹkárìwọ̀ ní agbègbè Òjó. Kí ó má ṣe fọ́ ọ, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun ún, nítorí pé òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀. Ní ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ Basel Action Network tú àṣírí bí wọ́n ti ń kó ògbólógbòó ẹ̀rọ dà sí Èkó, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ pàǹtí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, tí èéfín sísun rẹ̀ sì ń wọ imú àwọn ọmọ wa. Tẹlifíṣọ̀n kan tí a tún ṣe, tí a sì ń lò, ọ̀kan ni ó dín nínú èyí tí yóò jóná.

Ọ̀rọ̀ títọ́jú kù. Àgbádárìgì mọ iṣẹ́ yìí: ilé alájà kìíní tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ́ ní ọdún 1845 ṣì dúró, ẹ̀wọ̀n ìgbà òwò ẹrú wà ní ilé Mobee, ilé Ṣèríkí Williams Abass sì ń gba àlejò lójoojúmọ́. Ìlú tí ó lè tọ́jú ẹ̀rí ìbànújẹ́ tí ó tó báyìí lè tọ́jú ẹ̀rí eré àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ayé ń gbàgbé kíákíá: ní ọdún 2023, Video Game History Foundation fi hàn pé ìdá 87 nínú 100 àwọn eré tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tí a ti ń ta ojúlówó, kí ni a ó sọ nípa ilẹ̀ tí ayédèrú àti tókúnbọ̀ ni ó jẹ́ ìtàn rẹ̀? Àwọn ọmọ wa ti ń ṣe tiwọn lórí fóònù, láti ọdún 2012 tí Hugo Obi ti dá ilé-iṣẹ́ gémù Maliyo sílẹ̀ ní Èkó, tí Abiola Olaniran sì dá Gamsole sílẹ̀. Àwọn náà yóò fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni mo ní kí a kó jọ, nítorí pé irú rẹ̀ wà káàkiri ayé. Ohun tí kò sí níbòmíràn ni òfin ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan: góòlù mélòó ni ó ń lé ènìyàn kúrò lórí bẹ́ǹṣì kí àkókò tó pé, ta ni ó ń san owó bí NEPA bá mú iná ní ìdajì eré, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú nítorí pé ó lágbára jù, ọjọ́ orí wo ni ọmọ gbọdọ̀ tó kí ó tó ní ìlà tirẹ̀. Àwọn tí ó mọ òfin wọ̀nyí ṣì wà láàyè ní Àjárá, ní Ìwọ̀rọ̀, ní Ajídò àti ní Òjó, èdè Ègùn àti Yorùbá tí wọ́n fi ṣe é ṣì wà lẹ́nu wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Òjó gbé ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ, kí ó kọ orúkọ òpópónà, ọdún, irú ẹ̀rọ, àti òfin náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bi ẹni tí ń sọ ọ́ pé ta ni ó mú pádì kejì.